Kí Ni Ẹ Fún Un Kí Ẹ Tó Gbé E Wá?

  Ẹ má kánjú. Ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó bá le, ẹ padà sí i.

Ọ̀rọ̀ òní jẹ mọ́ àrùn ọpọlọ, àti oògùn tí ń múni dákẹ́. Ìtàn kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì ìwé kíkà wa ní Gbégamey, ní Kútọnù níbí. Àkàrà ni ó ń dín tà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọ àbúrò rẹ̀ wá bá a láti abúlé kan ní ọ̀nà Kétu. Ọmọkùnrin ni, kò tíì pé ogún ọdún. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé pákó. Ara rẹ̀ le. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni. Itọ́ ń dà ní ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é, kò dáhùn.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn tí ó gbé e wá. Ó ní: "Ẹ̀yin bàbá, kí ni ẹ fún un kí ẹ tó gbé e wá?"

Àbúrò bàbá ọmọ náà ni ó dáhùn. Ó ní: "Dókítà, a kò fún un ní nǹkan kan."

Irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ ìkà o. Ojú ni ó ń tì í. Ó rò pé bí òun bá sọ pé àwọn ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, dókítà yóò bú àwọn. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Mélòó nínú wa ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn yìí sílẹ̀ ná, n óò padà sí i. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí dókítà fi béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí ìbéèrè náà ti pẹ́ ní ayé.

Bí àrùn ọpọlọ bá mú ẹnì kan, tí ó ń pariwo, tí kò sùn ní òru, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ará ilé ń fẹ́ ni kí ariwo dínkù. Kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan. Níbi gbogbo ni. Àwọn kan ń lo ẹ̀wọ̀n. Ẹ ti lè gbọ́ orúkọ Grégoire Ahongbonon. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa ni. Ní Bouaké, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, iṣẹ́ táyà ọkọ̀ ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni ó ti ń kó àwọn tí àrùn ọpọlọ ń ṣe jọ ní ojú pópó, tí ó sì ń tú àwọn tí wọ́n so mọ́ igi ní abúlé sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, Saint Camille, ní ilé ìtọ́jú ní ọ̀dọ̀ wa náà, bíi ti Avrankou. Ẹ̀wọ̀n ń dá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dúró. Kò lè sọ irú àrùn tí ó wà nínú ẹni fún wa. Oògùn tí ń múni dákẹ́ ńkọ́? Ṣé òun lè sọ ọ́?

Àwọn oníṣègùn wa ní igi kan tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí. Asofẹ́yẹjẹ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ kà á pẹ̀lú mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: a-so-fẹ́-yẹ-jẹ. Igi tí ó ń so èso fún ẹyẹ jẹ ni. Kì í ga púpọ̀. Ewé rẹ̀ ń yọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú kan náà, wọn a sì yí ẹ̀ka ká. Èso rẹ̀ a máa pọ́n. Bí ẹ bá ṣá a, oje funfun á jáde. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń wà. Bí wọ́n bá fún aláìsàn mu, á sùn, oorun náà á sì pẹ́. Nígbà tí ó bá jí, ariwo ti dínkù. Àwọn bàbá wa kò dúró de òyìnbó kí wọ́n tó mọ èyí.

Ní òkè òkun, àwọn dókítà náà ń wá oògùn oorun fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lò ó, wọ́n bá nǹkan kan pàdé tí wọn kò wá lọ.

Ẹ mọ irú aláìsàn tí ó ń jókòó sójú kan bí ère. Kò sọ̀rọ̀. Kò jẹun. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọwọ́ náà á dúró sókè níbẹ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ará ilé á ní kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ọpọlọ rẹ̀ ti tán. Dókítà kan wà ní ìlú Madison ní Amẹ́ríkà, William Bleckwenn ni orúkọ rẹ̀. Ó fún irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní abẹ́rẹ́ oògùn oorun kan tí wọ́n ń pè ní Amytal. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi abẹ́rẹ́ náà sí, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí lójú oorun náà, ẹni tí kò fọhùn fún oṣù á la ẹnu. Á dárúkọ ara rẹ̀. Á béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Á ní ebi ń pa òun, á sì gba oúnjẹ jẹ. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, agbára oògùn á tán, ẹni náà á sì tún padà di ère. Ní ọdún 1930 ni Bleckwenn kọ ohun tí ó rí yìí sínú ìwé fún àwọn dókítà yòókù.

Ẹ ronú sí i. Oògùn tí ń múni sùn ni, òun ni ó wá jí ẹni tí ó dákẹ́. Kò wo àrùn náà sàn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohùn kò sọnù. Ọgbọ́n kò sọnù. Ẹni náà wà nínú ilé, ilẹ̀kùn ni ó há mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ ẹnu yín lọ́dọ̀ wọn. Má jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ kí o máa sọ pé ó sàn kí ó kú.

Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn oorun láti fi mọ irú àrùn. Wọ́n rí i pé kò di dandan kí aláìsàn sùn lọ fọnfọn. Dókítà á máa ti abẹ́rẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, á máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀, á sì dúró níbi tí oorun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kùn ún. Ibẹ̀ ni á ti máa béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹni tí ó yadi bá sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gún, dókítà á mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun kò bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó gbọgbẹ́, bí ẹni tí ó ṣubú láti orí ọ̀pẹ, oògùn náà kì í tún un ṣe. Ńṣe ni ó ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú sí i. Kò ní mọ ibi tí ó wà mọ́, kò ní mọ ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya àrùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ní ìgbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí. Ìdánwò náà kì í ṣe eré o. Bí oògùn bá pọ̀jù, aláìsàn lè má mí mọ́. Inú ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, ní ọdún 1940, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sá àsálà kúrò ní Dunkirk dé ilé láìlè sọ̀rọ̀. Àwọn kan kò mọ orúkọ ara wọn mọ́. William Sargant àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún wọn ní irú abẹ́rẹ́ yìí. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ń ròyìn ohun tí ojú wọn rí. Kò sí egbò kankan ní ọ̀fun wọn. Ẹ̀rù ni ó dì wọ́n ní ẹnu.

Níbi tí nǹkan dára yìí náà ni ó ti bàjẹ́. Àwọn kan wí pé bí oògùn oorun bá lè la ẹnu aláìsàn, ó lè la ẹnu ọ̀daràn pẹ̀lú. Kí Bleckwenn tó kọ ìwé rẹ̀ rárá, ní ọdún 1922, dókítà Robert House ní ìpínlẹ̀ Texas ti ń fi oògùn mìíràn dán àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Wọ́n pè é ní oògùn òtítọ́. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí oògùn ń kùn lè sọ òtítọ́. Ó lè sọ àlá tí ó lá. Ó lè sọ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ó sì lè sọ ohun tí ẹni tí ó ń bi í léèrè fẹ́ gbọ́. Kò sí ẹni tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọdún 1963, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé ìjẹ́wọ́ tí oògùn bá fà jáde lẹ́nu ènìyàn kò ṣeé fi dá a lẹ́jọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà, nítorí a ní àwọn tí ń fún aláìsàn mu nǹkan kí ó lè jẹ́wọ́ ẹni tí ó pa tàbí ẹni tí ó bá ṣe àjẹ́. Ẹ má gba irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ẹ má fi ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ asofẹ́yẹjẹ wa. Ní ilẹ̀ Íńdíà, igi kan wà tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ní ọdún 1931, dókítà méjì níbẹ̀, Sen àti Bose, kọ̀wé pé gbòǹgbò igi náà ń mú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú rọlẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ciba ní ilẹ̀ Switzerland yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú gbòǹgbò náà jáde. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní reserpine. Inú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà ni ó wà.

Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Kánádà, ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó lọ bá àwọn oníṣègùn Yorùbá, ó wo bí wọ́n ṣe ń lo gbòǹgbò yìí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí i pé oògùn tí ó lágbára ni ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ilé ìwòsàn tí Prince ti ṣiṣẹ́, Aro ni. Ọmọ Abẹ́òkúta ni ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò ibẹ̀ ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo. Lambo kò ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹnì kan láti ilé gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, ìyá rẹ̀ ni tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni náà á máa se oúnjẹ fún un, á máa fọ aṣọ rẹ̀, á máa mú un lọ gba oògùn. Lambo sì ń bá àwọn oníṣègùn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìyìn púpọ̀ ni ayé ti fún un nítorí èyí. Lójú tèmi, ohun tí ó dára jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó mọ aláìsàn wà nítòsí. Bí dókítà bá ní ìbéèrè, ẹlẹ́rìí wà.

Nísinsìnyí ẹ óò lóye ìbéèrè dókítà ti Kútọnù.

Ẹni tí ó bá mu asofẹ́yẹjẹ púpọ̀, ìfúnpá rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, ọkàn rẹ̀ á máa lù lọ́ra. Ara rẹ̀ lè le, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n. Ojú rẹ̀ á dúró sójú kan. Ìbànújẹ́ lè bá a tí kò ní lè sọ. Agbára rẹ̀ kì í sì í yára kúrò lára, ó lè tó ọjọ́ púpọ̀. Ẹ wò ó: ẹni tí ó le bí igi nítorí àrùn, àti ẹni tí ó le bí igi nítorí oògùn, wọ́n jọ ara wọn. Bí dókítà kò bá mọ èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, ó lè fún un ní oògùn mìíràn lé e lórí. Oògùn méjì tí ń fa ìfúnpá sílẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún hóró oògùn oorun tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó ń sọ ìsọkúsọ, ó lè jẹ́ ibà ni ó gun orí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó fi orí gbá ilẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Bí ó bá ní àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ pé ṣúgà tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní oògùn tí ó mú un dákẹ́, ẹ ti bo àmì tí ì bá tọ́ dókítà sọ́nà. Ilé dákẹ́, gbogbo yín sùn. Àrùn náà kò sùn.

Mo ní kí n sọ èyí pẹ̀lú: ìdánwò àtijọ́ náà kò tíì tán pátápátá. Amytal ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ dókítà. Láti àwọn ọdún 1980, bí wọ́n bá rí ẹni tí ó dì bí ère, ọ̀pọ̀ ń fún un ní ìwọ̀n díẹ̀ lára oògùn kan tí ó ń jẹ́ lorazepam, wọ́n á sì máa wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá tú, tí ó bá sọ̀rọ̀, ó ti tọ́ka sí irú àrùn tí ó jẹ́, òun kan náà ni wọ́n á sì fi máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ka ìdánwò bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí oògùn mìíràn ti kún inú rẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó sọ?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn mi.

Nígbà tí àbúrò bàbá sọ pé àwọn kò fún ọmọ ní nǹkan kan, alákàrà wa dákẹ́. Kò já a nírọ́ níwájú dókítà. Ó jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó fi fóònù pe oníṣègùn náà ní abúlé. Ó kúnlẹ̀ níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé bàbá náà ń wò ó. Ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kò bá yín jà. Ọmọ náà ni kò dára. Kí ni ẹ fún un?" Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́. Ó ní ọmọ náà kò sùn fún òru mẹ́ta, ó ń bá àwọn tí a kò rí jà. Òun lọ gbòǹgbò fún un. Òun ní kí wọ́n fún un ní ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Nígbà tí ó ń dákẹ́, inú àwọn ará ilé dùn, wọ́n sọ ọ́ di ṣíbí méjì méjì láìsọ fún òun.

Obìnrin yìí kò tíì lo ọdún kan ní kíláàsì. Ó ya ẹ̀gbẹ́ kan lára ìwé tí ó fi ń di àkàrà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé:

asofeyeje
gbongbo lilo
sibi meji aaro meji ale
ojo merin
o mu eyi to gbeyin ni ana ni irole

Kò fi àmì sí i. Kò sí àyè àmì níbẹ̀. Ó mú un lọ fún dókítà.

Dókítà kà á, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní Yorùbá ni òun náà, òun mọ igi náà. Ó ní kí wọ́n má ṣe fún ọmọ náà ní oògùn oorun kankan mọ́. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n ń wọn ìfúnpá rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ kẹta, ó yí ọrùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ. Bí oògùn náà ṣe ń kúrò lára rẹ̀ ni àrùn tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ń yọjú: ó tún ń gbọ́ ohùn àwọn tí a kò rí. Ìgbà yẹn ni dókítà tó mọ ohun tí ó ń tọ́jú, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀.

Ọmọ náà ti padà sí abúlé báyìí. Ó ń lọ gba oògùn rẹ̀ ní oṣooṣù. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó ń mú un lọ, òun náà ti forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ti abúlé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kútọnù, ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ọpọlọ wà ní Jacquot. Bí ẹ bá ń gbé ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ tàbí síbòmíràn, ẹ mú bébà àti bírò dání. Ẹ kọ orúkọ ohun tí ó mu, ti ewé ni tàbí ti òyìnbó, iye tí ó mu, ọjọ́ àti àkókò tí ó mu ún kẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú bí ó bá ṣubú, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ewé náà, ẹ já díẹ̀ níbẹ̀, ẹ mú un lọ.